Kí A Tó Polongo: Ẹ̀kọ́ Tí Ìgbì Òòfà Kọ́ Wa

   Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí lè dà bí àjèjì létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ ìgbì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbì òkun, kì í sì í ṣe ìgbì ọ̀sà. Ìgbì òòfà ni à ń wí, èyí tí ń mi àyè tí gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé yín.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ọjọ́ kan nínú sáà tí ó kọjá, olùkọ́ físíìsì wa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ihò dúdú méjì ṣe kọlu ara wọn ní ọ̀nà jíjìn réré. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe tírélà ni ó kọjá?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Festac ni wọ́n, wọ́n mọ bí fèrèsé ṣe ń gbọ̀n bí tírélà bá ń lọ sí Àpápá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí gan-an ni ọmọ náà béèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé, baba kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àlùfáà, kéwú ni mo mú ọmọ mi wá kọ́ lọ́dọ̀ yín. Kí ló kàn wá nínú ihò dúdú? Ṣé a lè fi ra gààrí ni?" A kò bínú sí i. Ẹni tí ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ lásìkò tí nǹkan le báyìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó náà ń ṣe. Ìbéèrè méjèèjì, ti ọmọ àti ti baba, ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín. A sì ní àṣìṣe tiwa kan tí a fẹ́ jẹ́wọ́ kí a tó parí.

KÍ NI ÌGBÌ ÒÒFÀ?

Ẹni tí ó bá ti dúró létí ọ̀sà rí yóò ti rí i bí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré kọjá. Kí ìgbì tó dé bèbè, ọkọ̀ ti lọ. Ẹni tí kò bá ojú ọkọ̀ náà, bí ó bá rí ìgbì tí ń lu bèbè, yóò mọ̀ pé nǹkan kan kọjá. Bí ó bá jẹ́ apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò tilẹ̀ lè sọ bóyá ọkọ̀ ńlá ni tàbí kékeré.

Ní ọdún 1915 ni Albert Einstein, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, parí àlàyé kan tí ó yí ìmọ̀ padà. Ó ní àyè àti àkókò so pọ̀ bí aṣọ kan ṣoṣo, àti pé ohun tí ó bá wúwo ń tẹ aṣọ náà wọlẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń tẹ ibùsùn onífóòmù tí ó bá jókòó lé e. Títẹ̀ yẹn ni òòfà tí ń fa máńgòrò láti orí igi wá sílẹ̀. Ní ọdún 1916 ó fi kún un pé bí ohun wíwúwo méjì bá ń yí ara wọn po tagbáratagbára, aṣọ náà yóò máa mì, mímì náà yóò sì máa ràn lọ káàkiri àgbáyé pẹ̀lú eré ìmọ́lẹ̀. Ìgbì òòfà nìyẹn. Bí ó bá gba ara wa kọjá, ó ń fà wá gùn, ó sì ń sún wa kì, ṣùgbọ́n a kò lè mọ̀ ọ́n lára.

Èé ṣe tí a kò fi mọ̀ ọ́n lára? Ó kéré jù ni. Ẹ mú ọ̀nà tí ó gùn tó kìlómítà 4, bí ìrìn ẹsẹ̀ tí ó tó wákàtí kan. Ìgbì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí yí gígùn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ padà ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú pútọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú átọ́ọ̀mù ni pútọ́ọ̀nù wà, átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ rèé, ojú kò lè rí i. Ta ni yóò wá ohun tí ó kéré tó báyìí, tí yóò sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí i?

ÒKUN WA WÀ NÍNÚ ÌTÀN YÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Òkun kan náà tí ń fọ etí ilẹ̀ wa láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí wọ inú ìtàn yìí lọ́nà méjì.

Èkínní, erékùṣù kan wà nínú òkun ní apá gúúsù ilẹ̀ wa, Príncipe ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Potogí ni wọ́n ń ṣe ìjọba lé e lórí nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, ọ̀sùpá bo oòrùn lókè erékùṣù náà, ọ̀sán dòru. Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbẹ̀ pẹ̀lú Edwin Cottingham, láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń tẹ̀ bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá gẹ́gẹ́ bí Einstein ṣe wí. Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì dí ojú ọ̀run. Nínú àwòrán 16 tí wọ́n yà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wúlò. Ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kejì ti lọ sí Sobral ní ilẹ̀ Bùràsíìlì láti wo oòrùn kan náà ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n ti wọn àwòrán ti ọ̀tún àti ti òsì tán, oṣù kọkànlá ni wọ́n tó kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé ohun tí wọ́n rí gbe ọ̀rọ̀ Einstein lẹ́yìn.

Èkejì, ní ọdún 1962, Jack Oliver, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, kọ̀wé nípa ìmì kékeré kan tí àwọn ẹ̀rọ ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé ń gbọ́. Ó ń lù kì, kì, kì, bí ọkàn ènìyàn, lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 26. Ibi tí àwọn tí ó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà tọ́ka sí ni Gulf of Guinea, òkun tiwa yìí. Àwọn kan ní ìgbì omi tí ń lu ìsàlẹ̀ òkun ni. Àwọn mìíràn ní òkè ayọnáyèéfín ni ó fà á. Wọn kò tí ì fẹnu kò.

Ẹ ò rí nǹkan! Bí òkun wa bá mí, ẹ̀rọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà a gbọ́. Nítorí náà ìbéèrè ọmọ wa nípa tírélà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìgbì òòfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gbogbo ariwo ayé dáadáa: ìgbì òkun, ìmìtìtì ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, igi tí wọ́n ń gé nínú igbó, ìjì, àti ooru tí ń mú kí jígí gbọ̀n. Àwa tí ń gbé ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin mọ ariwo. A mọ jẹnẹrétọ̀, a mọ fèrè ọkọ̀ ní Mile 2, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni a sì ti ń rí ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Marina. Kò ṣòro fún wa láti mọ̀ pé ẹni tí ó ń tẹ́tí láàárín ariwo lè tètè gbọ́ ohun tí ó wù ú láti gbọ́.

ÀWỌN TÍ Ó YÁRA KÉDE

Ìtàn wíwá ìgbì yìí kún fún àṣìṣe àwọn ọlọ́gbọ́n, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Einstein fúnra rẹ̀ ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 1936, òun àti Nathan Rosen kọ ìwé kan pé ìgbì òòfà kò sí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà. Olóòtú gbé e fún ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni náà sì rí àléébù nínú rẹ̀. Inú bí Einstein, ó gba ìwé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún un rò, ó rí i pé àléébù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíràn ní ọdún 1937. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá, ẹnìkan tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì rí ohun tí òun kò rí.

Ní ọdún 1969, Joseph Weber ti Yunifásítì Maryland kéde pé òun ti gbọ́ ìgbì òòfà. Ọ̀pá alumíníọ́ọ̀mù ràgàjì tí ó so rọ̀ ni ó fi ń tẹ́tí. Ayé hó yè. Àwọn mìíràn kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, etí tiwọn tilẹ̀ mú ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Weber kò gbà títí tí ó fi kú ní ọdún 2000. A kò sọ èyí láti bú u. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wá ohun tí àwọn yòókù rò pé kò ṣeé wá, ẹni tí ó la ọ̀nà sì ní ọlá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ọ̀nà yàtọ̀ sí dídé ibi tí à ń lọ.

Ní ọdún 1974, Russell Hulse àti Joseph Taylor rí ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn po. Àwọn méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó rí bí ìgbì òòfà bá ń kó agbára wọn lọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993. Ẹ̀rí tí ó dára ni, ṣùgbọ́n bí ọdẹ tí ó rí ipa ẹsẹ̀ ẹran ni, kò tí ì fojú kan ẹran.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn tí ń lo awò BICEP2 ní ilẹ̀ yìnyín ìpẹ̀kun gúúsù ayé pe àwọn oníròyìn jọ. Wọ́n ní àwọn ti rí àmì ìgbì òòfà tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé. Ìròyìn náà kárí ayé. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, àwọn àti àwọn oníṣẹ́ sátẹ́láìtì Planck ti ilẹ̀ Yúróòpù jọ tún un yẹ̀ wò. Eruku tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ti da iṣẹ́ wọn rú, ẹ̀rí ìgbì náà kò dúró mọ́. Ìtìjú ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéde fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó tú u ká. Mélòó nínú wa ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁNWÒ TÍ WỌN KÒ SỌ TẸ́LẸ̀

Ẹ̀rọ tí ó padà gbọ́ ìgbì náà ni wọ́n ń pè ní LIGO. Méjì ni wọ́n kọ́ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, èkejì ní Livingston ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ó tó kìlómítà 3,000 láàárín wọn. Ìkọ̀ọ̀kan ní apá méjì tí apá kan gùn tó kìlómítà 4, wọ́n sì ń tan iná léésà lu jígí tí wọ́n so rọ̀ ní ìpẹ̀kun apá kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá gígùn rẹ̀ yí padà. Èé ṣe tí wọ́n fi kọ́ méjì? Nítorí tírélà ni! Tírélà tí ó bá kọjá ní Livingston kò lè mi Hanford ní ìṣẹ́jú kan náà. Ohun tí ẹ̀rọ kan gbọ́, tí èkejì kò gbọ́, wọ́n máa ń fura sí i.

Láti ọdún 2002 títí di 2010 ni wọ́n fi tẹ́tí tí wọn kò gbọ́ ohunkóhun. Ẹ rò ó wò. Kò rọrùn láti na owó rẹpẹtẹ, láti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, kí a sì máa sọ lọ́dọọdún pé a kò tí ì rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó wù wá jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn ẹni díẹ̀ láàárín wọn gba àṣẹ láti máa fi àmì irọ́ sínú ẹ̀rọ ní ìkọ̀kọ̀, láti dán àwọn yòókù wò. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọjọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àmì kan yọ tí ó dára gan-an. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé tí wọn yóò fi kéde rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n péjọ ní Kalifóníà, wọ́n tú àṣírí náà: irọ́ ni, àwa ni a fi síbẹ̀. Wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń bẹ̀rù ìdánwò tí olùkọ́ kò sọ tẹ́lẹ̀, ẹ wo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣètò irú rẹ̀ fún ara wọn!

ỌJỌ́ TÍ Ó DÉ LÓÒÓTỌ́

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí aago mọ́kànlá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Livingston gbọ́ ohùn kan. Ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, Hanford gbọ́ irú ohùn kan náà. Kò pẹ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Marco Drago, tí ń ṣiṣẹ́ ní Hannover ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí i lójú kọ̀ǹpútà. Kò pariwo. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé bóyá wọ́n tún ń dán àwọn wò ni. Wọ́n tẹ ilé-iṣẹ́ láago, wọ́n béèrè. Kò sí ẹni tí ó fi irọ́ kankan sínú ẹ̀rọ.

Síbẹ̀ wọn kò polongo. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ wò, wọ́n ṣírò bí ariwo lásán ṣe lè ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì rí i pé kò lè tó ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 203,000. Wọ́n fi ìwé wọn fún àwọn mìíràn láti wá àléébù rẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá. Ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ fún ayé pé àwọn ti gbọ́ ọ. Ihò dúdú méjì ni, ọ̀kan wúwo tó oòrùn 36, èkejì tó oòrùn 29. Wọ́n di ọ̀kan tí ó wúwo tó oòrùn 62, ìwọ̀n oòrùn mẹ́ta tí ó kù sì di ìgbì. Nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 ọdún ni ìgbì náà fi rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba Festac kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ó gba Kirikiri, ó gba Satellite Town, ó gba mọ́ṣáláṣí wa kọjá, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017 wọ́n gbọ́ òmíràn, ti ìràwọ̀ kíki méjì tí ó kọlu ara wọn. Lọ́tẹ̀ yìí awò sátẹ́láìtì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ awò ìràwọ̀ lórí ilẹ̀ ayé sì yíjú síbẹ̀. Ẹlẹ́rìí di púpọ̀. Wọ́n rí àmì pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ wà lára ibi tí wúrà ti ń wá, wúrà tí àwọn ìyá wa ń fi sọ́rùn lọ sóde. Ní ọdún yẹn kan náà ni Rainer Weiss, Barry Barish àti Kip Thorne gba ẹ̀bùn Nobel. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́ láti ìgbà náà ti lé ní 200.

ÀṢÌṢE TIWA

Ó kan àṣìṣe tí a ní a óò jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kan lọ́dún tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí fóònù àwọn òbí pé wọ́n ti jí ọmọ kan gbé ní àdúgbò wa, pé ọkùnrin kan tí ó gbé àpò kọ́ èjìká ni ó gbé e. A kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnìkan nínú àwa olùkọ́ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo òbí, ó sì fi kún un pé, "Òótọ́ ni o." Àwa tí ó kù rí i, a kò dá a lẹ́kun. Àwọn kan nínú wa tún fi ránṣẹ́ síwájú.

Ọkùnrin kan tí ń ṣa ike àti páànù kiri ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Àwọn ènìyàn bò ó. Wọ́n ti lù ú ṣubú kí ìyá kan tí ń ta àkàrà létí títì tó sáré dúró níwájú rẹ̀. Ìyá náà ń pariwo pé, "Ta ni ó rí i? Ta ni ó fojú ara rẹ̀ rí i?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n tú àpò, ike ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń wá ti sùn lọ ní ilé àǹtí rẹ̀. A gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn, a san owó ìtọ́jú, a dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gba àdúgbò wa kọjá mọ́.

Ìmàlé ni wá. Ọmọ kékeré ilé-kéwú wa mọ ibi tí àṣẹ ti wà pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé e kiri. A ń kọ́ àwọn ọmọ pé àwọn onímọ̀ hádíìsì àtijọ́ kì í wo ọ̀rọ̀ nìkan, wọ́n ń béèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti bóyá àwọn méjèèjì tilẹ̀ pàdé rí. Bí a bá ń wá oṣù, a ń béèrè ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́, ìyá alákàrà ni ó rántí, kì í ṣe àwa.

Baba wa, ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ihò dúdú kò ra gààrí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti béèrè pé "Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe tírélà?" yóò béèrè pé "Ta ni ó rí i?" nígbà tí wọ́n bá ń sáré lépa ènìyàn. Ìbéèrè kan náà ni. Òun sì ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀mí àti ikú ní ojú títì Èkó.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní à ń kọ́ ọmọ ní àrífín, pé ọmọdé kì í bi àgbà léèrè pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ọmọ wa sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà" kí ó tó béèrè. Àrífín kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. Bí Einstein bá gbà kí ẹlòmíràn fi àléébù iṣẹ́ rẹ̀ hàn án, kí ni olùkọ́ ilé-ìwé, kí ni àlùfáà, kí ni òbí tí kò ní gbà?

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí. Èkínní, kí ẹ̀kọ́ físíìsì má ṣe kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa. Kí kéwú àti sáyẹ́ǹsì jọ máa lọ, kí gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kan nínú kíláàsì bá wọ̀n, kí ẹgbẹ́ mìíràn tún un wọ̀n láìwo ìwé ti àkọ́kọ́.

Èkejì, kí ìròyìn kankan má ṣe ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ sí ọ̀dọ̀ òbí láìjẹ́ pé ẹni méjì tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan náà ti jẹ́rìí sí i. Bí Hanford àti Livingston ṣe ń dúró de ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kí olùkọ́ dúró de olùkọ́. Ẹ̀yin òbí àti ará mọ́ṣáláṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi tẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láago kò ní bà á jẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a máa jẹ́wọ́ àṣìṣe ní ibi tí a ti ṣe é. Ohun tí a polongo fún igba ènìyàn, kí a má lọ tọrọ àforíjì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ tiwa sínú ìwé yìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bóyá ọ̀kan nínú yín ni yóò mọ ohun tí ń lu kì, kì, kì nínú òkun wa yìí, tí àwọn àgbà onímọ̀ kò tí ì fẹnu kò lé lórí. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe sáré jáde. Ẹ tún un wò, ẹ pe ẹlòmíràn kí ó wò ó, ẹ wá tírélà títí ẹ kò fi ní rí tírélà kankan mọ́. Nígbà náà ni kí ẹ tó la ẹnu.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹnu wa ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Kí ó fún wa ní etí tí ń gbọ́ òótọ́ láàárín ariwo, kí ó sì fún wa ní sùúrù láti dúró dè é. Àmín.